Ìlà Pupa Méjì Lára Igi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹjọ

Afárá ti lọ. Kì í ṣe pé ó fọ́ tàbí pé ó tẹ̀, ó lọ ni. Mo gbé àwo àná lọ sétí odò láàárọ̀ láti fọ̀ ọ́, mo rí òpó méjì tó dá dúró lódìkejì, àárín sì ṣófo. Mo gbé àwo kalẹ̀. Mo nu ojú mi, mo tún wò ó. Ṣebí àná ni Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì, tí òun àti Bàbá mi jọ ń gé gẹdú, wa mọ́tò gba orí afárá yẹn kọjá, tó ń fọn fèrè, tó ń juwọ́ sí mi pé òun ń lọ ra epo bẹntiróò, kí n sọ fún Bàbá mi pé owó epo tún ti gorí igi.

Omi tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe odò tí mo mọ̀. Ó pọ́n, ó ń ru, ó ń gbé odidi igi lọ tewé tegbò.

Mo sáré lọ bá Bàbá mi níbi tó ti ń pọ́n eyín ayùn. Ó ní, "Agbẹjọ́rò, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù." Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn, torí ó ní ẹnu mi kì í gbà kí ẹjọ́ parí. Ó bá mi dé etí odò, ó ká ọwọ́ lérí, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju odò lọ, torí Bàbá mi kì í dákẹ́.

Àǹtí ló wá la ẹnu. Àǹtí ni àbúrò Bàbá mi. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ìdirun rẹ̀ pa, ó bá wa wá sínú igbó láti máa dáná fún wa, torí Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lè wá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló mọ̀ pé a ṣì wà níbí?"

Bàbá mi fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní òun ti sọ fún Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì pé bí òjò bá le, kó má wàhálà láti padà wá, pé a máa bá mọ́tò àwọn awá-oyin jáde, a ó sì lọ dúró sí ilé Àǹtí. Mọ́tò àwọn awá-oyin kọjá lánàá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ká wọlé. Bàbá mi ní iṣẹ́ pọ̀.

Nítorí náà, gbogbo ayé rò pé a wà nílé Àǹtí, à ń jẹ, à ń mu. Fóònù kò sì gbé ohùn kankan níbí. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ìṣẹ́gun, 4



Bàbá mi ní òun máa gé igi ńlá etí odò kó wó sọdá, ká fi ṣe afárá. Àǹtí ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró kí omi fà." Bàbá mi ní láti ìgbà tí òun ti ń gé gẹdú, onídìrí kankan kò tíì kọ́ òun níṣẹ́. Àǹtí ní, "Mo ṣáà ti sọ tèmi."

Bàbá mi gé ẹnu igi náà, ojú ibi tó máa wó sí, síhà odò bó ṣe yẹ, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e bọ̀. Àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ igi ti rin gbingbin. Kí ẹ́ńjìnnì ìgégi tó jẹ ẹ́ dé àárín, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ hú. Igi náà kò wó sódò. Ó yí po bí èèyàn tí wọ́n pè lẹ́yìn, ó sì dojú kọ wá. Mo rí Bàbá mi tó fò. Mo rí ẹ́ńjìnnì tó fò lọ́tọ̀, tó bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn náà, mi ò rí nǹkan kan mọ́ àfi ewé.

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Àǹtí ló kọ́kọ́ wọ inú ewé náà lọ. Ẹ̀ka kan tó nípọn ju ìbàdí mi lọ wà lórí ẹsẹ̀ òsì Bàbá mi. Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wò wá. Ó ní, "Ẹ má fà mí. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀." A fi ìdérí ìkòkò àti ọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ náà títí ó fi yọ. Ọpẹ́ ni pé ẹrẹ̀ ni. Ká ní ilẹ̀ líle ni, mi ò fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́rú, 5

Ẹsẹ̀ náà yí síbi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Òjò. Mi ò lè kọ̀wé.

Ọjọ́bọ̀, 6

Àǹtí to ẹsẹ̀ náà. Mi ò mọ ibi tó ti rí àyà. Ó fi pákó pẹlẹbẹ méjì há a, ó fi òwú ìdirun dì í láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń fà á le bí ẹni ń di irun ìyàwó. Bàbá mi bu aṣọ jẹ. Nígbà tó parí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Èló ni owó iṣẹ́?" Àǹtí ní, "Ẹ máa san án nígbà tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ yín rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Àǹtí lọ sẹ́yìn ahéré, ó sunkún. Mo gbọ́, mo díbọ́n pé mi ò gbọ́.

Ìrẹsì wa kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀wà wà díẹ̀, iyọ̀ wà, ẹja gbígbẹ wà. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ la ó máa jẹun.

Awọ ẹsẹ̀ náà ti bó níbì kan, ẹran pupa yọ. Bàbá mi ní ibẹ̀ gan-an ni ká máa ṣọ́. Ó ní eegun á dúró de dókítà, egbò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, àmọ́ mo rí Àǹtí tó gbójú sílẹ̀. Bí a kò bá gbé e kúrò níbí kí egbò yẹn tó bàjẹ́, Bàbá mi máa kú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, bóyá á lè yéé máa pariwo lórí mi.

Àbámẹ́ta, 8

Ìjàlọ wọ ahéré wa bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Mo gbọ́ nǹkan tó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, mo rò pé òjò wínníwínní ni. Mo la ojú, ògiri ń rìn. Ilẹ̀ ń rìn. Àpò ìrẹsì ń rìn. Mo nà kóró jókòó, mi ò lè gbé ẹsẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Àǹtí fò sókè, ó ń jó, ó ń gbọn aṣọ. Bàbá mi kò lè fò. Wọ́n ti gun pákó ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé òwú ìdirun lọ tààrà síbi egbò. Kò kígbe. Ó kàn ń pe orúkọ Àǹtí léraléra. Àǹtí gbọ́n eérú gbígbóná láti ojú ààrò, ó fọ́n ọn yí i ká, èmi sì ń fi ọwọ́ já wọn lára rẹ̀. Orí wọn ń ṣẹ́kù sínú awọ rẹ̀ bí mo bá já wọn.

A tẹ́ ẹ sórí pákó gígùn kan, a wọ́ ọ jáde, a gbé e gòkè lọ sábẹ́ àpáta tó yọ síta bí àjà. Ibẹ̀ gbẹ. Ibẹ̀ là ń gbé báyìí. Nígbà tí mo padà lọ wo ahéré, ẹja gbígbẹ ti di ìtàn.

Àǹtí jókòó, ó ń yọ ìjàlọ lórí ara rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá kúrò níbí, igi kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ rí láyé mi ni òòyà."

Ọjọ́ Ajé, 10

Ara Bàbá mi gbóná. Ó ní kí Àǹtí gbọ́, kí èmi náà gbọ́. Ó ní tí èèyàn bá ń bá ẹ̀gbẹ́ odò gòkè lọ ní apá tiwa níbí, á já sí ojú ọ̀nà àtijọ́ kan tí mọ́tò gẹdú ń gbà nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bóyá igbó ti gbé e mì, òun ò mọ̀. Àmọ́ ọ̀nà ni.

Àǹtí ní òun máa lọ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín igi kan àti èkejì. Ta ló sì máa gbé Bàbá mi dìde tó bá fẹ́ tọ̀?" Wọ́n wo ara wọn. Bàbá mi ní, "Agbẹjọ́rò ti borí. Ṣùgbọ́n má gbé ẹsẹ̀ láìsàmì sí igi. Ẹni tó bá ṣìnà nínú igbó yìí, ó di àwátì."

Mo mú agolo ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun igi àti búrọ́ọ̀ṣì. Mo kọ́kọ́ sàmì sí igi gìrìwò tó dúró lórí àpáta wa gan-an, kí n lè máa rí i láti òkèèrè. Ìlà méjì gbọọrọgbọọrọ, bí mo ṣe máa ń rí Bàbá mi tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà mo ń lọ, mo ń kùn: igi ńlá, igi kékeré, igi wíwọ́, èyí tó bá ṣáà ti wà lójú ọ̀nà. Mo fò lórí òkúta sọdá ìṣàn omi kékeré kan. Mo rìn títí oòrùn fi yí, mi ò rí ojú ọ̀nà kankan. Mo padà.

Ìlà mi mú mi délé bí ẹni fà mí lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo kọrin. Ó pẹ́ tí mo ti kọrin.

Ìṣẹ́gun, 11

Òjò. Àǹtí ní ó kù díẹ̀ kí òun máa forúkọ pe ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo rí ọ̀nà náà. Mo fẹ́ kọ ìyẹn kọ́kọ́ kí n tó kọ nípa ìmàdò.

Mo ti sọdá ìṣàn omi, mo ti kọjá ibi tí mo dé lọ́jọ́ Ajé. Mo ń kun igi kan lọ́wọ́, mo yíjú, ìmàdò kan dúró, ó ń wò mí. Ó tóbi ju bí mo ṣe rò pé ìmàdò ń tóbi lọ. Eyín rẹ̀ yọ síta lápá méjèèjì, ojú rẹ̀ kéré, kò sì sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi dì. Èyí tí mo mọ̀ tẹ̀lé e ni pé mo wà lórí igi. Mi ò rántí bí mo ṣe gùn ún. Títí di ìsinsìnyí mi ò rántí.

Ó rìn yí ìdí igi po. Ó gbóòórùn agolo ọ̀dà, ó sín. Lẹ́yìn náà ó kọ ẹ̀yìn sí igi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó fi ìdí họ ọ́ dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ìlà pupa ní ìdí.

Nígbà tó ti lọ tán, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn síwájú díẹ̀, igbó sì là. Ilẹ̀ tẹ́jú, koríko bò ó, àmọ́ ojú taya àtijọ́ ṣì hàn níbi méjì tó gùn lọ. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ni mo bá sáré padà.

Bàbá mi gbọ́ ti ìmàdò, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Tí ìyẹn bá délé, kí ló máa sọ fún ìyàwó rẹ̀?" Ó gbọ́ ti ojú ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ìdí ìkòkò. Lọ́la mo máa gbé oúnjẹ dání, mo máa tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn débi tó bá gbé mi dé.

Ẹtì, 14

Mi ò lè lọ. Òjò rọ̀ mọ́jú, ìṣàn omi kékeré yẹn ti di odò, òkúta tí mo ń fò lé kò hàn mọ́. Mo jókòó sétí rẹ̀, mo bú u. Kò dáhùn.

Àǹtí fi nẹ́ẹ̀tì tó fi ń bo irun pa ẹja mẹ́ta. Ó so ó mọ́ ẹ̀ka tó ṣe rógódó, ó dẹ ẹ́ sójú omi. Ó gbé ẹja náà sókè, ó ń yangàn. Mo jẹ ẹ́ tẹran teegun.

Àìkú, 16

Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí mi ò lóye. Mo lọ wò bóyá omi ti fà. Kò fà tó. Mo gbójú sókè láti wá ìlà pupa mi lódìkejì, mi ò rí i. Mo rò pé mi ò dúró síbi tó yẹ ni. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Lẹ́yìn náà mo rí kùkùté, ó funfun, oje ṣì ń jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Gbogbo igi tí mo sàmì sí, tí ojú mi lè rí, ló wà nílẹ̀. Àwọn tí mi ò sàmì sí dúró gbagidi, wọn kò fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Gbogbo irun ara mi dìde. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, tó ń pa ojú ẹsẹ̀ mi rẹ́. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, omi nìkan ló ń hó.

Mo sáré padà, mo sọ ọ́ fún Bàbá mi, èémí ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó gbé orí sókè. Ó ní, "Irú àmì wo lo fi sí wọn?"

Mo ní, "Ìlà méjì. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

Ó dijú. Ó ní, "Ọ̀nà ni mo ní kí o sàmì sí. Àmì róbótó kan péré là ń kùn fún ọ̀nà. Ìlà méjì, àmì tèmi ni, ohun tó ń sọ ni pé igi yìí tiwa ni, ẹ gé e." Ó lajú. "Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì ti gba ojú ọ̀nà àtijọ́ kó àwọn agégẹdú wọlé. Ó rò pé a ti wà nílé. Á ti sọ fún wọn pé kí wọ́n gé ohunkóhun tó bá ní ìlà méjì."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀nà tí mo fi gbogbo ara ṣe, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gé e lulẹ̀. Àmọ́ Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ di àyà mú. Ó ní, "Ṣé o sàmì títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí?"

Mo ní, "Títí dé ibí."

Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa gé e bọ̀ nígbà náà."

Àǹtí gbá mi mọ́ra. Inú gbogbo wa dùn débi pé a se ìrẹsì lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó ronú síwájú ju ìyẹn lọ nínú wa.

Ìṣẹ́gun, 18

À ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì wọn báyìí tí òjò ti dá. Ó jìnnà, ó ń kùn bí oyin nínú agolo, lẹ́yìn náà igi kan á ya, ilẹ̀ á sì gbọ̀n díẹ̀. A lu ìkòkò, a pariwo. A dáná kí wọ́n lè rí èéfín, igi tutù, èéfín náà kàn ń rá lórí ilẹ̀.

Egbò náà ti ń rùn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Àǹtí fi aṣọ bò ó kí n má bàa rí i, mo sì ti rí i. Bàbá mi ń pè mí ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Mo ń dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 20

Àná ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Orí bẹ́ńṣì nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí, ẹrẹ̀ ṣì wà nínú èékánná mi.

Omi fà láàárọ̀ àná. Àǹtí ní, "Lọ pè wọ́n wá. Má dúró mú nǹkan kan." Mo wọ́dò sọdá ìṣàn náà, omi mú mi dé ìbàdí. Ọ̀nà mi kò sí mọ́ lódìkejì. Igi wà lórí igi, ẹ̀ka wọn ga jù mí lọ, kò sí ibi tí ejò pàápàá máa gbà. Mo ní láti yí po gba orí òkè. Mo pẹ́ níbẹ̀, mo ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, oòrùn ti ń lọ sí àárín ọ̀run kí n tó já sí ibi tí wọ́n ń gbé. Mo rí àgọ́ wọn. Mo rí ìkòkò lórí iná. Kò sí èèyàn.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn mi ló ti ń dún, láti apá ọ̀dọ̀ Bàbá mi. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní wọ́n ti rí Bàbá mi àti Àǹtí. Lẹ́yìn náà mo rántí igi tí mo kọ́kọ́ sàmì sí, èyí tó wà lórí àpáta wa.

Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣàpèjúwe irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti na igi kan sọdá ìṣàn omi náà, mo gba orí rẹ̀, mi ò wo ìsàlẹ̀. Mo ń sá kọjá àwọn igi kéékèèké mi tí wọ́n ṣì dúró. Ọ̀kan nínú àwọn agégẹdú náà ti fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ bá èyí tó tóbi jù, tí ìlà pupa rẹ̀ hàn láti òkèèrè.

Mo rí i lórí àpáta, ó fi nǹkan dí etí, ó tẹ̀ ba sídìí igi. Ó ti gé ẹnu igi náà síhà ìsàlẹ̀, síbi tí Bàbá mi dùbúlẹ̀ sí gẹ́lẹ́. Ó ti wà lẹ́yìn, ó ń gé e bọ̀, ìyẹ̀fun igi ń fọ́n jáde. Mo ń pariwo. Mo ń gbọ́ ohùn Àǹtí lábẹ́ àpáta, òun náà ń pariwo, ó ń fa pákó Bàbá mi, pákó há. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ìkankan nínú wa.

Nígbà náà mo lọ dúró síbi tí igi náà máa wó sí. Mi ò ronú, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní akọni. Ibẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ kọ sí. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, etí àpáta sì wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi.

Ó rí mi. Mi ò tíì rí kí ojú àgbà ọkùnrin ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ wá pa rọ́rọ́ bí ti ọjọ́ tí Bàbá mi ṣubú, mo sì gbọ́ igi náà tó ń ké díẹ̀díẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ ta nìyí?"

Mo ní, "Bàbá mi wà lábẹ́ ibí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́."

Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè igi náà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. "Má sáré. Máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀." Mo rìn. Ó fi ègé igi gbàǹgbà méjì há ojú ibi tó gé, ó súfèé pe ẹnì kejì rẹ̀ tó ń lànà nísàlẹ̀. Àwa mẹ́rin la gbé Bàbá mi lórí pákó jáde lábẹ́ àpáta, kò sí ẹni tó fẹ́ wúkọ́. A ti dé ìṣàn omi kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́. Igi náà wó. Ilẹ̀ mì wá lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ewé nìkan ló wà níbi tí a ti ń sùn.

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó gbàgbé pé ẹrẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ló sàmì sí àwọn igi yìí?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ìwọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jókòó bú bàbá rẹ. A ní kí ló dé tí àgbà agégẹdú á fi ìlà méjì sí igi tó wọ́ bí apá aláàrẹ̀, bóyá ọjọ́ ogbó ti dé. A tún rí ìmàdò kan tó ní ìlà pupa." Ó fọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín kọ́.

Mọ́tò wọn gbé wa jáde. Bàbá mi kò mọ̀ pé a jáde.

Ẹtì, 21

Dókítà ní ká ní ilẹ̀ tún ṣú lé e nínú igbó yẹn, kò ní sí ohun tí òun lè ṣe. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ yóò dúró. Ó wá pe Àǹtí sí kọ̀rọ̀, ó sọ ohun tó kù. Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, níwájú gbogbo èèyàn.

Àìkú, 23

Màmá mi dé tòun ti ọmọ tuntun. Òun àti Àǹtí ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní tí Bàbá mi bá jí, tó bá béèrè ẹsẹ̀, kí n sọ pé wọ́n fi aṣọ wé e ni, kó lè lágbára díẹ̀ kó tó gbọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Wọ́n wà lọ́dọ̀ dókítà nígbà tó la ojú lọ́sàn-án yìí. Ojú rẹ̀ mọ́, kò pè mí ní ìyá rẹ̀. Ó ní, "Agbẹjọ́rò." Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó ní omi, mo fún un ní omi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àtẹ́lẹsẹ̀ òsì yìí ń yún mi. Bá mi họ ọ́."

Mo wo ibẹ̀. Aṣọ ìbora ga títí dé orúnkún rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ́jú. Ìdáhùn tí wọ́n kọ́ mi wà lẹ́nu mi. Mi ò lè sọ ọ́. Kì í ṣe Bàbá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ parọ́ fún lẹ́yìn gbogbo èyí.

Mo ní, "Bàbá mi, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé e kúrò. Láti orúnkún."

Ó wò mí pẹ́. Ó gbé aṣọ náà sókè fúnra rẹ̀, ó wò ó, ó dá aṣọ náà padà, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ kó gún. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ etí. Mi ò tíì rí omi lójú Bàbá mi rí, mo rò pé wọn kò fi í sínú ojú rẹ̀ ni. Mo sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì gbóná mọ́.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ó ṣì ń yún mi."

Mo na ọwọ́, mo họ ibi tí aṣọ tẹ́jú sí. Mo họ ọ́ títí ó fi ní ó tó.